Ẹ̀rí Kẹta Lójú Ìwé Pròfẹ́sọ̀

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì péré ni ojú ìwé náà lò láyé. Morọ́láyọ̀ mọ̀, nítorí pé ó ń ṣọ́ aago bí ẹni tó gbé wàrà kaná. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà: a ti yọ ọ́ kúrò, kò sí ẹ̀rí pé obìnrin yìí ṣe pàtàkì.

"Kò ṣe kí ni?"

Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tó wà ní yàrá òkè ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní òpópónà Bajulaiye, ní Ṣómólú, gbójú sókè. Sátidé ni. Wọ́n kóra jọ láti kọ ìtàn àwọn obìnrin onímọ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí ẹlòmíràn sì lè pa á rẹ́. Morọ́láyọ̀ ló fún wọn ní yàrá, òun ló bu epo sí jẹnẹrétọ̀, tìtorí ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣe ṣe é: Dókítà Moyọ̀sọ́lá Ikúmápàyí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó ti àdúgbò Ladi-Lak wá jókòó síbi fèrèsé kó lè fojú ara rẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ọmọ apẹja etí òkun Oǹdó ni Dókítà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi bá àwọn apẹja Bàrígà wọ ọkọ̀, tó ń wọn iyọ̀ inú ọ̀sà, tó ń la ikùn ẹja ọ̀bọ̀kún wò, títí tó fi rí ibi tí ẹja náà ń yé sí àti ohun tó ń mú un dínkù. Láti ayé bàbá Morọ́láyọ̀ ni ilé ìtẹ̀wé yìí ti ń bá a di ìwé.

"Auntie, ẹ fara balẹ̀," ni Fìyìnfólúwa wí, ọmọbìnrin tó ń gbé ní Palmgrove, tó ń darí wọn. "Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Mama. Source ni wọ́n ń bèèrè. Ibi tí ẹlòmíì ti kọ̀wé nípa wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ò kà."

"Ta ni ì bá kọ ọ́? Àwọn tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀ jẹun?"

Morọ́láyọ̀ fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó tẹ orúkọ Pròfẹ́sọ̀ Bámilóyè, ọ̀gá Dókítà ní yunifásítì nígbà náà, tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ojú ìwé tirẹ̀ ṣí gbalaja, tòun ti fọ́tò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun ló ṣàwárí ibi tí ọ̀bọ̀kún ń yé sí nínú ọ̀sà.

"Olè!" Morọ́láyọ̀ figbe ta. "Olè ojú ọ̀sán! Ọkùnrin tí kò tẹsẹ̀ bọ omi ọ̀sà rí! Ẹ̀rí wo lòun ní? Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó!"

Gbogbo wọn rọ̀gbà yí i ká. Ó tẹ ẹ̀rí kẹta. Ìwé ètò ìsìnkú kan yọ, aláwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú òdòdó wúrà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Morọ́láyọ̀ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Òun ló to òdòdó yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá tíì tẹ̀wé ìsìnkú ní Ṣómólú rí. Àwọn ọmọ olóògbé á gbé ìtàn ìgbésí ayé wá, kò ní kún ojú ìwé kan, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ bá wa fi nǹkan kún un." Atẹ̀wé á sì fi kún un: olóògbé bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fẹ́ràn aláìní, àlejò kì í wọ́n nílé ẹ̀. Ta ló ń bá òkú ṣẹjọ́? Lọ́jọ́ tí Morọ́láyọ̀ ń wá ohun tó máa fi kún ti Bámilóyè, ìwé ìwádìí Dókítà wà lórí tábìlì, èèpo tó gbé orúkọ rẹ̀ ti já, wọ́n fẹ́ tún un dì. Ó rí orúkọ Pròfẹ́sọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin náà ni. Ó da ìlà mẹ́fà kọ láti inú rẹ̀, ó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ó sì lọ jẹun.

"Èmi ni," ó wí. Ó kúnlẹ̀ síwájú Dókítà. "Mama, èmi ni mo kọ ọ́. Mo rò pé iṣẹ́ Prof ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Morọ́láyọ̀ yíjú sí Fìyìnfólúwa. "Yọ ọ́ kúrò! Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi tí mo kọ ọ́ ní irọ́ ni!"

"Auntie, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín kì í ṣe source. Ìwé yẹn ni source."

"Èmi ni mo tẹ ìwé yẹn!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn."

Morọ́láyọ̀ ò mọ ẹni tí ì bá gbá létí, bóyá ọmọ yìí ni, bóyá òkú ni, bóyá ara rẹ̀. Irọ́ tó fi ìkánjú oúnjẹ ọ̀sán pa ti di òtítọ́ lójú gbogbo ayé, ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan.

Dókítà dìde. Wọ́n rò pé ilé ló ń lọ, ṣùgbọ́n ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó.

"Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ń wò, tẹ ìwé ìsìnkú tèmi náà."

"Ọlọ́run má jẹ́! Mama, ẹ ò ní kú!"

"Màá kú o." Ohùn rẹ̀ le koko. "Tí mo bá sì kú, àwọn ọmọ mi á gbé ìdajì ojú ìwé wá fún ẹ, wàá sì fi ọbẹ̀ aládùn àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run kún un. Mo ti mọ̀ ẹ́ wàyí. Jókòó. Ìṣojú mi lo ti máa kọ ọ́."

Morọ́láyọ̀ jókòó. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí, Dókítà ń pè é, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ ẹja, ojú ń tì í, ó fẹ́ ṣàtúnṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì sáré kọ ọ́ pé kò sí onímọ̀ tó tó obìnrin yìí ní gbogbo Áfíríkà.

Dókítà gbá ọwọ́ náà dànù lórí ẹ̀rọ.

"Pa á rẹ́. Má fi nǹkan kan kún tèmi. Èyí tí mo ṣe tó."