Etí Eku Àbámẹ́ta

Dókítà sọ fún Ìyá mi pé ọkàn rẹ̀ kò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá kọ̀, kò sì sọ ìdí. Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu jù, ó ní kí n kọ́kọ́ mú òun lọ kí Òrìṣà Olórí Erin létí odò Bang Pakong, lẹ́yìn náà òun yóò fún mi lésì.

Èmi àti Bàbá sìn ín lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Láti ojú títì ni a ti ń wo òrìṣà náà lókè àwọn igi máńgòrò, idẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Òjìji rẹ̀ nìkan gba gbogbo àgbàlá. Ìyá bọ́ bàtà, ó fi òdòdó pupa sílẹ̀, ó foríbalẹ̀, ó sì dìde lọ sọ́dọ̀ àwọn eku.

Àwọn eku ni ìránṣẹ́ òrìṣà náà. Ère wọn ńláńlá tò sí ìdí rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ ọjọ́ tirẹ̀. Eku ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni o máa sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ sí létí, wàá sì di etí kejì, kí ọ̀rọ̀ má baà gba ibẹ̀ jáde.

Ọjọ́rú ni wọ́n bí Ìyá. Ó kọjá lára eku aláwọ̀ ewé tó jẹ́ tirẹ̀, ó lọ dúró ti eku Àbámẹ́ta.

“Ìyá, tiyín nìyí o.”

“Mo lójú, Nuan. Bàbá Nuan, ẹ wá bá mi di etí kejì. Ọwọ́ mi ò tó o.”

“O tún ti ríṣẹ́ fún mi,” ni Bàbá wí, ṣùgbọ́n ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í.

Etí Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ohun tó pè ní wúyẹ́wúyẹ́, obìnrin tó ń ta òdòdó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ.

“Ọjọ́ yín ni wọ́n bí ọkọ mi. Mi ò bẹ̀rù ikú. Ọkùnrin yìí ni mò ń rò. Bí mo bá sùn sórí tábìlì àwọn dókítà tí mi ò jí mọ́, ta ni yóò máa se ìrẹsì fún un? Ta ni yóò máa bá a jà? Ẹ jẹ́ kí n wà nílé tì í fún ìwọ̀nba tó kù.”

Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wo ilẹ̀. Bàbá kò tètè mú ọwọ́ kúrò. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyá Nuan, bọ́ síbí, kí o di tibí. Ó kàn mí.”

Ohùn tó fi ń pe ọlọ́kọ̀ ní òdìkejì odò ló fi bá eku náà sọ̀rọ̀.

“Obìnrin yìí ń bà mí lórúkọ jẹ́. Mo máa ń se ìrẹsì nígbà tí kò bá sí nílé.”

“Ó máa ń jóná,” ni Ìyá wí.

“Ó ń jóná, mo sì ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba tó kù yẹn ni kò tó mi. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kó tẹ̀lé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà.”

Ọwọ́ Ìyá ṣì wà lára etí eku náà.

“Ẹ ti pariwo jù,” ni ó wí. “Gbogbo ayé ti gbọ́.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó kọjú sí mi. “Nuan, ọjọ́ wo ni dókítà yẹn ní kí a wá?”

Mo ní ọ̀la.

Ó ní ó dáa, kí a kúrò lọ́nà, àwọn èèyàn ń dúró.