Ọgọ́ta Ìdì Kí Aago Mẹ́rin Tó Lù

Ìgbín ni wọ́n ń pè mí nílé ìfọṣọ wa, nítorí pé èmi ni mo máa ń parí iṣẹ́ kẹ́yìn. Òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní ọgọ́ta ibùsùn ló ń gbéṣẹ́ fún wa. Bọ̀dá Ọṣẹ ń fọ aṣọ wọn, Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ń lọ̀ ọ́, èmi sì ń ká a, mo ń dì í. Ìdì kan fún ibùsùn kan: ṣíìtì méjì, àpò ìrọ̀rí méjì, táwẹ̀lì kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ń wá kó o.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ tún dúró dè mí títí aago márùn-ún fi kọjá. Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Tí ọkọ̀ bá tún dúró dè yín lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa wá ẹlòmíì tí ọwọ́ ẹ̀ yá."

Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbójú sókè wo aago ara ògiri bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìdì kan ń gbà mí. Ọgọ́ta ìdì, wákàtí mẹ́ta. Ọwọ́ mi kò falẹ̀ rárá. Bọ̀dá Ọṣẹ ló máa ń fọ gbogbo ṣíìtì tán kó tó kan àpò ìrọ̀rí, táwẹ̀lì á wá ṣìkẹyìn. Aago méjì ààbọ̀ ni táwẹ̀lì ń dé ọ̀dọ̀ mi. Láti àárọ̀, mo kàn jókòó ti òkìtì ṣíìtì ni. Ta ló lè di ìdì tí kò pé?

Lọ́jọ́rú, mo lọ bá Bọ̀dá Ọṣẹ nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọ ti ibùsùn mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣíìtì, àpò, táwẹ̀lì, kí n lè tètè máa dì í."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìgbín fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀!"

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù bú sẹ́rìn-ín.

"Táwẹ̀lì á ta òwú sára ṣíìtì," Bọ̀dá ní. "Wọn kì í fọ̀ wọ́n pọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Mo ronú díẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ kékeré tẹ́ ẹ sọ di tábìlì rédíò yẹn ńkọ́? Ẹ máa fi fọ táwẹ̀lì lọ́tọ̀."

Ó wo rédíò, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Bọ̀dá, ẹ dán an wò," Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ní. "Eré àsápajúdé ìrọ̀lẹ́ yìí ti sú èmi náà."

Ó ń kùn, àmọ́ ó gbé rédíò kúrò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́wàá tó lù, ìdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí awakọ̀ wọlé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí àga ló bá mi.

"Ìyá, ṣé ẹ ò ṣiṣẹ́ lónìí ni?"

Ọ̀gá ka ìdì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́ta pé. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní ká pàdé lọ́jọ́ Ajé.

Bọ̀dá Ọṣẹ dúró lẹ́yìn mi, rédíò lábẹ́ abíyá.

"Ìgbín, o ti gba tábìlì mi. Níbo ni kí n gbé èyí sí?"

Mo nu tábìlì tèmi fún un. Àyè ti wà níbẹ̀.