Koríko Tútù Lẹ́yìn Ògiri Reino

Ẹni tó bá ń sọ kiri pé Reino àbúrò mi ló pa ìyàwó rẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú èmi Helmi. Títì nìkan ló wà láàárín ilé mi àti ilé Reino. Ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe.

Àyà ti ń da Ailie, ìyàwó rẹ̀, láàmú tipẹ́. Bó bá gun àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀, yàrá tó wà lábẹ́ ilé wọn, á dúró lágbedeméjì, á máa mí gúlegúle. Dókítà ní èéfín ààrò igi tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ló fà á. Karin, ọmọ wọn tó ń gbé ní Marquette, ní òun ò gbọ́ àwíjàre kankan mọ́. Ó ra ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo gáàsì fún wọn, ó sì ní kí Duane, oníṣẹ́ ẹ̀rọ, wá gbé e sí àjà ilẹ̀.

Duane dé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Bàbá Karin, ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè lu òrùlé kí páìpù èéfín gba òkè jáde, tàbí kí n lu ògiri kó gba ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀. Ti òkè ló dáa jù, pẹ̀lú bí yìnyín ṣe ń pọ̀ níbí."

"Òrùlé wo lo fẹ́ lù?" Reino ní. "Páànù tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tí kò jò rí láyé ẹ̀?"

Ailie ń da kọfí sí ife. "Bàbá Karin, ẹ jẹ́ ó gba òkè. Èéfín, òkè náà ló ń lọ."

"Tó bá ń jò ńkọ́, ìwọ lo máa gùn ún lọ dí?"

Ailie rẹ́rìn-ín, ó gbé kọfí náà fún un. Bí ọ̀rọ̀ òrùlé ṣe parí nìyẹn. Duane lu ògiri. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún Reino pé yìnyín ò gbọdọ̀ bo ẹnu páìpù yẹn láéláé. Ó tún ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí afẹ́fẹ́ burúkú bá kún ilé. Reino ní òun ti ń dáná láti kékeré, kò sí èéfín tí imú òun ò ní gbọ́. Duane ní èéfín èyí ò lóòórùn, àmọ́ àbúrò mi ti ṣílẹ̀kùn fún un.

Lápá ọ̀dọ̀ wa, kí yìnyín tó dé, a máa ń to ìdì koríko gbígbẹ yí ìsàlẹ̀ ilé ká, kí òtútù má baà gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Ilé tí wọn ò bá yí ká, ọ̀lẹ la máa ń pe ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Reino to tiẹ̀ títí ó fi kan páìpù, ó sì rántí ìkìlọ̀ Duane. Ó gbé ìdì koríko sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó fi pákó bo orí ẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn ṣì ń gbá yìnyín wọbẹ̀, ó gbé ìdì kan sí iwájú náà, ó fi àlàfo tínńtín sílẹ̀. Ilé ló kọ́ fún páìpù yẹn. Ó pè mí wá wò ó, inú ẹ̀ ń dùn.

Ṣé ó gbọ́ ìkìlọ̀ àbí kò gbọ́? Ó gbọ́.

Láti ìgbà yẹn lorí fífọ́ Ailie ti bẹ̀rẹ̀. Oorun á máa gbé e lórí àga lọ́sàn-án, oúnjẹ ò wù ú. Gbogbo wa ní àyà ló tún dé. Reino náà ń sọ pé orí ń fọ́ òun, àmọ́ ìta lòun máa ń wà látàárọ̀, bó ń la igi, bó ń kó yìnyín.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá sí sáúnà mi, ilé pákó kékeré tá a ti ń jókòó sínú ooru òkúta gbígbóná. Bí Ailie bá ti wọlé mi, kó tó pẹ́, ara ẹ̀ á yá.

"Ìyàwó, wo bí ojú ẹ ṣe ń dán," mo ní fún un. "O dà bí ọmọge tó ń wá ọkọ."

"Àǹtí, ẹ rọra. Bàbá Karin á ní ṣé òun nìkan ò tó mi ni."

Reino mi orí. "Mo ti sọ ọ́. Òtútù ló wà lára ẹ̀. Ooru ló ń wá."

Gbogbo wa gbà á gbọ́, nítorí láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àìsàn tí sáúnà ò bá wò, ó di ti ìsìnkú. Reino lọ sílé, ó fi kún iná ẹ̀rọ náà. Ó fi ọ̀rá bo gbogbo fèrèsé. Ó ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ara Ailie ṣe ń burú sí i ló ń dí ilé pa sí i.

Sátidé tó kẹ́yìn, Ailie di apá mi mú lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí Helmi, ó ń ṣe mí bíi kí n sùn síbí. Bí mo bá ti délé báyìí, orí mi á tún bẹ̀rẹ̀."

"Sùn síbí. Ta ló lé ẹ?"

Reino dúró, ó gbé kóòtù ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Mo ti mú ilé gbóná dè ọ́," ló sọ.

Ailie wò ó títí. "Ẹ jẹ́ n máa lọ, Àǹtí. Tí mi ò bá sí ńlé, kò ní jẹun." Ó na ọwọ́ sínú kóòtù. Àánú ọkọ ẹ̀ ló gbé e lọ, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Reino jáde ní kùtù lọ kó yìnyín ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó padà sílé, ọ̀dọ̀ mi ló sáré wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ́n. Ó pọ́n bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sáúnà. Àmọ́ kò jí."

Mo pe àwọn panápaná. Láti ẹnu ọ̀nà ilé Reino ni ẹ̀rọ ọwọ́ wọn, èyí tó ń mọ afẹ́fẹ́ burúkú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ya ọ̀rá fèrèsé, wọ́n ṣí gbogbo ilé sílẹ̀. Ailie ti lọ. Wọ́n wá yí ẹ̀yìn ilé ká, wọ́n ká pákó kúrò, wọ́n gbé ìdì koríko iwájú sọ nù.

Yìnyín ìta mù wá dé itan. Nínú ilé kékeré tí Reino kọ́ fún páìpù yẹn, koríko tútù ló hù síbẹ̀, ó ń hù lọ bíi pé ìgbà ooru ni. Ògiri ń làágùn. Ọ̀kan nínú wọn rọra ṣàlàyé pé èéfín náà ò ríbi lọ, ó gba àárín òkúta ìpìlẹ̀ tó ti sán padà wọlé.

Reino kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan koríko náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Yìnyín ò kàn án. Duane ní kí yìnyín má kàn án."

Gbogbo ìlú mọ̀ pé mo lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń sunkún.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Reino fúnra ẹ̀ ló gun òkè lọ gé páànù, tó sì ní kí Duane gba ibẹ̀ fa páìpù jáde. Òrùlé náà ń jò báyìí. Ilé ìdáná ló ń kán sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí Ailie ti máa ń mu kọfí. Mo ní kó jẹ́ kí Duane wá dí i, ó ní rárá, kó máa jò. Abọ́ ló gbé sábẹ́ ẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa dà á nù bó bá ti kún. Ẹni tó bá ní Reino ló pa á, kó lọ bá a jókòó níbẹ̀.