Ẹni Tó Kù Ló Ń Jí Ẹni Tó Kú

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Gbémiró ló lá a, Gbémiró tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru nílé búrẹ́dì ní Òṣogbo. “Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná,” bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wa nìyẹn nídìí ààrò, kò sì sẹ́ni tó bi í pé èéṣe tó fi jẹ́ ọ̀sán. Àwa tí à ń fi òru ṣiṣẹ́, ọ̀sán là ń lálàá. Bó ṣe rọ́ ọ ni mo ṣe ń rọ́ ọ yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí kò bára mu, ẹ má bi mí, oorun ni kí ẹ bi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó gbé e sùn ná. Gbémiró ní ọ̀rẹ́ kan, Ṣíjúadé, ará Iléṣà bíi tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Rántí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù lẹ́yìn ilé wọn, àpótí géèmù ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti tìtorí rẹ̀ jẹgba. Ọ̀pọ̀lọ́ méjì ló wà nínú géèmù náà, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Wọ́n á máa fò láti orí pẹpẹ dé orí pẹpẹ, láti àjà kan dé òmíràn, títí dé ẹnu ọ̀nà kan lókè pátápátá tó ní ihò kọ́kọ́rọ́ méjì. Pẹpẹ náà ga. Ọ̀kan ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí èkejì gun ẹ̀yìn rẹ̀, kí èyí tó dókè sì ju okùn sílẹ̀ fún èyí tó wà nísàlẹ̀. Bọ̀dá Rántí alára ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára àpótí náà pé: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ṣíjúadé ga bí òpó iná, Gbémiró kúrú, nítorí náà àwọn méjèèjì rò pé àwọn ni wọ́n ń bá wí.

Bí ọ̀pọ̀lọ́ kan bá kú ńkọ́? Èyí tó kù á fi gbogbo òkè tó ti gùn sílẹ̀, á padà sísàlẹ̀ lọ fọ́ ìkòkò kan, èyí tó kú á sì jáde nínú rẹ̀. Inú máa ń bí àwọn ọmọ sí ìpadàsísàlẹ̀ yìí, síbẹ̀ wọ́n ń padà. Òfin wọn ni: ẹni tó kù ló ń jí ẹni tó kú.

Ṣíjúadé ló jogún àpótí náà, ó wà ní pálọ̀ rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní géèmù rẹpẹtẹ lórí fóònù, àmọ́ ìdìí àpótí yẹn ni wọ́n ṣì ń tò sí pẹ̀lú àwọn ọmọ aládùúgbò. Gbémiró ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní géèmù tó kù, ojú rẹ nìkan ni wọ́n ń wò; èyí nìkan ló ń béèrè ẹnì kejì rẹ. Òun àti Ṣíjúadé ò tíì ṣí ilẹ̀kùn òkè yẹn rí. Ṣíjúadé á pè é pé kó wá kí àwọn parí ẹ̀, Gbémiró á ní, “Ó ti rẹ̀ mí, jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Kì í sì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá ti po ìyẹ̀fun mọ́jú, egungun rẹ̀ gan-an ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó lá àlá yìí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ṣíjúadé ní ọsibítù kan n'Iléṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Gbémiró ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́ nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́, àbúrò Ṣíjúadé, pè é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ó gbọ́ “Bọ̀dá Gbémiró, ẹ káàárọ̀,” ó gbọ́ “yàrá yẹn,” lẹ́yìn náà ó gbọ́ “Bọ̀dá Ṣíjú ló ku.” Ohùn náà há sáàárín, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Kó tó ní kó tún un sọ, fóònù fúnra rẹ̀ kú. Ṣé “kú” ló wí ni, àbí “kù”? Kò síná ládùúgbò, ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ki ṣájà bọ ògiri, ó ní òun á lọ yá fóònù lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ̀rù sì ń bà á láti lọ. Ibi tó ti ń rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì ni oorun ti gbé e.

Ó bá ara rẹ̀ nílé búrẹ́dì. Fóònù rẹ̀ wà nínú agolo búrẹ́dì, ó ń wú.

“Mo ti sọ fún ẹ pé ebi iná ń pa mí,” ni fóònù wí.

“Jọ̀ọ́, parí ọ̀rọ̀ tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń sọ fún mi.”

“Lẹ́tà méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Àmì orí rẹ̀ ló já bọ́. Lọ gbà á ní ọ́fíìsì.”

Gbémiró kò bi í pé ọ́fíìsì wo. Ó ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó bọ́ síta, ó sì rí ọ́fíìsì náà tó ń léfòó lójú ọ̀run. Wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Pẹpẹ ló kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé òun ti di ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé. Ohun tó dùn ún níbẹ̀ ni pé bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ò ní bá a lẹ́sẹ̀ mu mọ́.

Ó fò, ọwọ́ rẹ̀ kò tó pẹpẹ. Àga onígi kan wà nítòsí.

“Gùn mí,” ni àga wí. “Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá dókè, fa èmi náà. Láti ọjọ́ tí káfíńtà ti ṣe mí ni gbogbo ayé ti ń jókòó lé mi. Èmi ò tíì jókòó rí.”

“Ó mà rẹ ìwọ náà,” ni Gbémiró wí.

“Ó rẹ̀ mí dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”

Báyìí ni wọ́n ṣe gòkè, tí ọ̀kan ń gbé èkejì, títí wọ́n fi dé iwájú ọ̀gá kan tó so táì gígùn mọ́rùn.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni Gbémiró wí.

“Kú wo nìyẹn?” Ọ̀gá mú bírò. “Tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?”

“Ìkíni ni, sà.”

“Ohun tí gbogbo yín ń wí nìyẹn. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ẹ ti ń kú, àwa la sì ń pèsè àmì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ti sú wa.”

Gbémiró tọrọ àforíjì. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Ó wà lórí ‘ku’ tí kò lámì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tìsàlẹ̀, kó lè kù.”

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, irùngbọ̀n yọ lábẹ́ àgbọ̀n ọ̀gá, ìwo méjì sì yọ lórí rẹ̀. Ó gbé ìdí táì rẹ̀ sẹ́nu.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Gbémiró wí, “ẹ ti ń di ewúrẹ́.”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni.” Ó ń jẹ táì náà lọ. “Òkè lo wà yìí, tòkè nìkan la ní lókè. Inú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ ni tìsàlẹ̀ wà, níbi tó o ti gbéra. Bí mo bá jẹ táì yìí tán kó o tó débẹ̀, tòkè la máa lẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lórí.”

Gbémiró wo ìsàlẹ̀. Gbogbo àjà tó ti fi òógùn gùn ni yóò tún sọ̀. Ó ní omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, ti àárẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ó yípadà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, àga ń ró kòkò tẹ̀ lé e. Àwọn pẹpẹ ti di búrẹ́dì gbígbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rì sínú wọn. Lágbedeméjì, ó kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ dè é.

“Wá dùbúlẹ̀,” ni bẹ́ẹ̀dì wí. “Ó ti rẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ohùn bẹ́ẹ̀dì náà, ohùn Gbémiró ni. Ó jókòó sétí rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó sì gbọ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ táì lókè, yẹ́mu-yẹ́mu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀lọ́ pupa kan dùbúlẹ̀, ó nà sílẹ̀ gbalaja, ó kọ ikùn sókè. Ó ga ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Gbémiró mọ̀ ọ́n.

“Ṣíjú,” ni ó pè é.

“Sùn,” ni ọ̀pọ̀lọ́ pupa wí láìlajú. “Gbogbo ìgbà ló kúkú ń rẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Gbémiró lákínyẹmí ara. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń lọ sísàlẹ̀.

Bọ̀dá Rántí ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ó ti mú àgádágodo dání. Ó ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó kù máa lọ sílé. Ìkòkò náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga tó ènìyàn. Gbémiró fi ìkúùkù lù ú, kò fọ́. Ó fi orí kàn án, orí ọ̀pọ̀lọ́ rọ̀ jù. Lókè, etí táì nìkan ló kù lẹ́nu ewúrẹ́.

“Sún sẹ́yìn,” ni àga wí. “Ó tó àkókò tí èmi náà á jókòó.”

Gbémiró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àga gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jókòó lé ìkòkò náà pẹ̀lú gbogbo àárẹ̀ tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìkòkò fọ́. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ nínú rẹ̀. Ariwo nìkan ló jáde, ariwo kan tí kò dáwọ́ dúró.

Fóònù ló ń dún. Iná ti dé, fáànù ń yí. Gbémiró gbé e sétí.

“Gbémiró, ṣé o kú ni?” Ṣíjúadé ni. “Mo ti ń pè ẹ́ tipẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò sọ fún ẹ ni? Wọ́n ti ní kí gbogbo àwọn tó wà ní yàrá wa máa lọ sílé. Èmi ló kù.”

“Tún un sọ.”

“Mo ní èmi ló kù.”

Gbémiró ní “kù” náà wá sílẹ̀, ó balẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, òun sì sunkún.

“Kí ló dé?” ni Ṣíjúadé bi í. “Wò ó, ọmọ mi gbé géèmù kékeré kan wá, wọ́n ti ki ọ̀pọ̀lọ́ wa sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa di páàdì kejì mú. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ o.”

“Ó rẹ̀ mí,” ni Gbémiró wí. “Mò ń bọ̀.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì bá a lẹ́sẹ̀ mu. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ewúrẹ́ aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fa ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ lórí okùn ìsáṣọ, ó sì ti jẹ ọrùn rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ mìíràn, òkò ni ì bá kó bò ó.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni Gbémiró wí, ó sì kọjá lọ sí gáréèjì Iléṣà.

Ewúrẹ́ náà kò dá a lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì ni.