Abiyamọ Tí Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ń Dẹ́rù Bà

Aránṣọ ni obìnrin yìí, ọmọ tó bí yìí sì ni àkọ́bí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń sùn, yóò kàn jókòó tì í, yóò máa wò ó ṣáá, bí ẹni pé wọ́n lè wá gbà á padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gé aṣọ lórí tábìlì, ọmọ ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣàdédé ni ìrònú kan já wọ orí rẹ̀: bí òun bá lọ ti sísọ́ọ̀sì yìí bọ ọmọ lọ́rùn ńkọ́? Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sá bọ́ síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ sì ń sùn ní tirẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Látìgbà náà, ìrònú yẹn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá gbé ọmọ kọjá lójú fèrèsé, á bá a níbẹ̀. Bó bá gbé omi kaná, á tún dé. Ó kó gbogbo ohun tó mú nínú ilé pamọ́, ó sọ fáwọn oníbàárà pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń gbé e sùn.

“Màmá, ẹ bá mi gbé e.”

“Ṣé èmi ni mo bí i ni? Bí kì í bá ṣe pé ọyàn mi ti gbẹ, o ì bá ní kí n fún un lọ́mú.”

Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá fẹ́ lọ ra ọṣẹ. Obìnrin yìí di aṣọ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ. Màmá wò ó títí.

“Ìyàwó mi, ṣé ọmọ yìí ò wù ọ́ ni?”

“Ó wù mí, Màmá. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣe é léṣe.”

Ó rí i bí Màmá ṣe fa ọmọ mọ́ra. Ó rò pé ó ti parí fún òun. Àmọ́ Màmá ò pariwo. Ó ní, “Wọ bàtà rẹ. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ la ń lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Nọ́ọ̀sì ló mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Àga méjì àti fáànù nìkan ló wà nínú yàrá náà. Aránṣọ jókòó sí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn.

“Bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa gba ọmọ mi?”

“Ìrànlọ́wọ́ lo wá gbà, òun náà la sì máa ṣe fún ọ. Sọ ọ́, mo ń gbọ́.”

Ó sọ ọ́, ó ń wolẹ̀. Ojú obìnrin náà ò yí padà.

“Ṣé o ń gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń pàṣẹ fún ọ?”

“Rárá. Inú orí ara mi ni.”

“Ṣé ó wù ọ́ kó ṣẹlẹ̀?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.”

“Ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ni irú ìrònú yìí máa ń bá, ojú ló máa ń tì wọ́n láti sọ. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ohun tọ́kàn rẹ fẹ́. Bó o ṣe ń sá fún un ló ṣe ń lé ọ. A ó jọ kọ́ bí o ò ṣe ní sá mọ́.”

Kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ó padà lọ, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọmọ, Màmá á dúró tì í. Nígbà tó yá, Màmá á wà ní pálọ̀. Ìgbà míì, omijé á máa bọ́ sínú omi ìwẹ̀ ọmọ.

Lọ́jọ́ tí Màmá máa padà sílé rẹ̀, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Ọkọ ṣì wà níbi iṣẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé. Ìrònú náà dé bó ṣe máa ń dé. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ó sì fún ọmọ lọ́mú.