Bàtà Tó Fì Sí Òsì

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wọ bàtà aláwọ kan ṣoṣo lọ wọn ilẹ̀ fáwọn èèyàn. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti ṣubú nínú rẹ̀: kòtò ṣẹ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀, àpáta yọ eyín mi kan, bèbè odò fọ́ mi léegun ìhà. Ìyàwó mi ní kí n jù ú nù. Mo ní, ta ló ń ju ọ̀rẹ́ nù?

Lánàá, a jọ lọ sọ́dọ̀ aránbàtà. Ó wo gìgísẹ̀ bàtà òsì tó ti gbó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ọ̀gá, apá òsì lẹ máa ń ṣubú sí, àbí?”

Ẹnu yà mí. Ta ló sọ fún un?

“Bàtà yìí ló ń gbé yín ṣubú.”

Ìyàwó mi pòṣé. “Ọ̀rẹ́ yín nù-un!”

Inú bí mi, mo bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n aránbàtà ṣì ń wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní kí n dúró láìwọ bàtà, ó wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú èjìká mi méjèèjì. Pákó fì sí òsì.

Èjìká òsì yẹn ni mo fi ń ru irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ìwọnlẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Àṣé èmi ni mò ń gbé bàtà ṣubú, bàtà ò sì fi mí sílẹ̀.