Ọ̀gá Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ni obìnrin tó gbọ́n tó sì gọ̀ jù ní àdúgbò wa, ẹ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Táǹkì ẹja àrọ̀ mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé wa. Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì táǹkì méjì àkọ́kọ́, èmi ni mo ń bọ́ ẹja, èmi ni mo ń yí omi padà, èmi ni mo ń ya àwọn tó ti tóbi sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà gbé àwọn kéékèèké mì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀hún tí ẹ bèèrè ẹni tó ni ẹja, ọkọ mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Èmi náà ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ẹja ló ń bà á lẹ́rù. Ọjọ́ kan báyìí ni ọ̀kan fi ẹ̀gún apá rẹ̀ gún un lọ́wọ́, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lè di abẹ́rẹ́ mú. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ kọjá ní ẹ̀yìnkùlé, ara ògiri ló ń rọ̀ mọ́.

Báwo ló ṣe wá di ọ̀gá ẹlẹ́ja? Ọdún àkọ́kọ́, oníbàárà tó bá dé á wo ẹ̀yìn mi, á wo ọ̀tún, á wo òsì. "Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá ńkọ́?" Bí mo bá ní èmi ni ọ̀gá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dá iye tó bá wù wọ́n lé ẹja mi. Lọ́jọ́ kan orí mi gbóná. Mo lọ fa ọkọ mi dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní kó wá dúró, kó káwọ́ sẹ́yìn, kó fajú ro. Iye tí mo ti ń pè láti àárọ̀ ni òun náà pè. Oníbàárà ò tilẹ̀ ná an. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ńṣe ló dùn mọ́ mi. Mo ní bó bá jẹ́ pé ọ̀gá tó ní irùngbọ̀n layé ń wá, kò burú, màá fún wọn ní ọ̀kan. Mo ra bàtà rọ́bà gígùn fún un, tí omi ò kàn rí títí di òní. Mo kọ́ ọ ní gbólóhùn mẹ́rin. "Omi yẹn ti tó yí padà." "Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn." "Oúnjẹ ẹja ti wọ́n lóde báyìí." Ìkẹrin wà fún ìgbà tí ìbéèrè bá le: "Ẹ jẹ́ n ronú sí i." Bó bá ti sọ ìyẹn, á wọlé wá bá mi ní kíṣìnì, n ó sọ èsì fún un, á tún jáde lọ sọ ọ́. Níwájú oníbàárà, ẹ̀yin ni mo ń pè é. Ní kíṣìnì, ìwọ ni.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Àwọn oníbàárà ń sọ pé ọ̀gá yìí kì í kánjú sọ̀rọ̀, pé ọgbọ́n ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi á wà nídìí ààrò, n ó máa rẹ́rìn-ín sínú, mo rò pé èmi ni mo ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo orí mi bí orí olóye.

Nínú táǹkì kẹfà ni àwọn ìyá ẹja mi méje wà. Ìwọ̀nyẹn kì í ṣe títà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́ wọn, mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ èyí tó máa ń jà àti èyí tí ojú ń tì. Ẹyin inú wọn ni mo ń tẹ̀ jáde tí mo ń sọ di ọmọ, ọmọ yẹn ni mo ń tọ́ tí mo ń tà. Bí wọn ò bá sí mọ́, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn, kí n máa lọ fi táǹkì sá aṣọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lọ ra oúnjẹ ẹja. Kí n tó dé, ọkùnrin kan ti kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá, òun náà ní táǹkì ní òdìkejì ìlú. Ó kí ọkọ mi títí, ó ní gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀ rẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ ra àwọn tó wà nínú táǹkì kẹfà. Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ n ronú sí i." Ó wọ kíṣìnì. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó mu omi ife kan, ó tún jáde, ó ní kí wọ́n máa kó wọn lọ.

Ìgbà tí mo dé, ó ti jókòó dè mí, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo tajà lónìí."

"Ẹja wo?"

"Àwọn arúgbó inú táǹkì kẹfà. Mo ní ká tètè tà wọ́n kí wọ́n tó kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Orí àpò oúnjẹ ẹja ni mo jókòó sí. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ bú u. Kí ni n ó ní ó ṣe? Pé ó ṣe bí ọ̀gá? Ta ló fi jẹ ẹ́? Àfọwọ́fà gidi ni. Òun náà ń wolẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín. Ó ti mọ́ mi lára."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbé owó ọkùnrin náà dání, a gbé dírọ́ọ̀mù omi méjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a forí lé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A bá a lórí àga níwájú ilé, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ márùn-ún ń fọ táǹkì. Mo ní ọjà àná, àṣìṣe ni, owó yín rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹja padà. Kò tilẹ̀ wò mí. Ọkọ mi ló kọjú sí.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ tà á fún mi. Ìgbà wo ni ìyàwó di ẹni tó ń tú ọjà ká?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹyin wọn, ṣé ẹ máa fún wọn lóúnjẹ àbí ẹ ò ní fún wọn?"

Ó wo òkè. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n ronú sí i." Ó sì dìde, ó wọlé.

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa.

Ó tún jáde. Ó ní wọn ò ní fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin wọn gbó nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ̀ wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èsì náà pé pérépéré. Mo ní bí omi bá wá tutù jù lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ó ní ẹ jẹ́ kí òun ronú sí i. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Mo tẹ̀ lé e wọlé.

Obìnrin kan ló dúró ní kíṣìnì, ó wọ bàtà rọ́bà tó ti bó nísàlẹ̀, ikun ẹja gbẹ mọ́ ọn lápá méjèèjì. Ó rí mi, ó pa ẹnu mọ́ lójijì.

"Ọdún mélòó?" ni mo bi í.

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́ta ni tèmi."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu wa. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí àwo ńlá kan mú kó má baà ṣubú. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, obìnrin náà nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, òwò ni òwò o. Ọ̀gá rà á lọ́wọ́ ọ̀gá, gbogbo òṣìṣẹ́ ló rí i. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ sọ ẹni tó ni ẹja lójú gbogbo wọn. Bí ẹ bá sọ ọ́, n ó dá a padà."

Ṣé ohun tó le nìyẹn? Mo bọ́ síta, òun àti ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Àwọn ọkùnrin márùn-ún náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹja yìí... àwa la ni ín."

"Àwa wo?" ni obìnrin náà wí.

"Àwa... ilé wa." Òógùn bò mí. Èmi tí mo ń pariwo mọ́ ẹlẹ́rù, tí mo ń fi ọwọ́ lásán mú ẹja tó tó apá mi. Ọkọ mi wá sún mọ́ mi. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, bí èmi náà ṣe ń ṣe fún un: "Sọ ọ́. Ìwọ lo ni ín."

Mo ní, "Èmi ni mo ni ẹja. Èmi ni mo tọ́ ọ. Gbogbo táǹkì ẹ̀yìn ilé wa, tèmi ni. Télọ̀ ni ọkọ mi."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lára.

Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn wá kọjú sí obìnrin náà. "Ṣé ká kó o fún wọn?"

Ó la ẹnu. Ó wò mí, ó wo àwọn márùn-ún náà. Mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó sọ ọ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ wí? Ṣé kí wọ́n kó o?" Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé obìnrin náà mi orí díẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n kó o.

Mo dá owó wọn padà, wọ́n kó ìyá ẹja mi méje sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé èyí tó wúwo jù, kò jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin. Mi ò lè fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣé ẹnu wo ni n ó fi ṣe é? Kí ọkọ̀ tó gbéra, mo dì mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sí i létí pé táǹkì ilé wọn, òun ló ni ín.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, kí àwọn ọkùnrin yẹn má baà gbọ́.